Léésà àbí oògùn ìkán-sójú: kí ló yẹ ẹni tí glaucoma mú?

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ìbàdàn la wà. Ẹni ọdún 61 ni bàbá mi. Wọ́n lọ gba awò ìkàwé lásán ni dókítà bá ní glaucoma wà lójú wọn méjèèjì, pé ti òsì ti wọra gan-an. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kán oògùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, dókítà ní ká jẹ́ kí òun fi léésà ṣe é. Àbúrò bàbá mi yarí kanlẹ̀, wọ́n ní ọ̀rẹ́ àwọn kan ṣe iṣẹ́ abẹ ojú, kò ríran mọ́ títí dòní. Màmá mi ní omi orógbó ni ká máa kán sí i. Èmi ni mò ń ra oògùn, mi ò sì mọ ẹni tí ǹ bá gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Kí ni ká ṣe?"

*

Ẹ jẹ́ kí bàbá ṣe léésà náà, bí dókítà bá ti yẹ igun inú ojú wọn wò tó sì rí i pé igun náà là sílẹ̀. Ohun tí ǹ bá sọ fún àwọn ọmọ ìyá mi nìyẹn. Nọ́ọ̀sì ojú ni mí, glaucoma yìí náà ló sì gba ojú lọ́wọ́ bàbá tèmi, nígbà tí kò sí ẹni tó dárúkọ léésà fún wa.

Kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń bá jà. Omi kan wà nínú ẹyinjú, kì í ṣe omijé. Ojú ló ń ṣe omi náà, ojú náà ló sì ń fà á jáde láti igun kan tó yí ibi dúdú ojú ká. Bí ọ̀nà yẹn bá dí, bí gọ́tà tí ìdọ̀tí kún, ìfúnpá inú ojú á gòkè, á sì máa pa iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ díẹ̀díẹ̀. Irú tí igun rẹ̀ là sílẹ̀ kì í dun èèyàn. Ìríran ẹ̀gbẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Ẹni náà á ṣì máa ka Bíbélì tàbí Kùránì rẹ̀, á ṣì máa dá àwọn ọmọ rẹ̀ mọ̀, àmọ́ á máa fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn, kò sì ní rí ọ̀kadà tó ń bọ̀ lápá òsì. Èyí tó bá ti lọ ti lọ nìyẹn. Títí di òní, kò sí oògùn, kò sí léésà, kò sí iṣẹ́ abẹ kankan tó ń dá a padà. Èyí tó kù ni gbogbo ìtọ́jú ń dáàbò bò.

Léésà tí dókítà ń wí, SLT ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe ọ̀bẹ. Wọ́n á kán oògùn tó ń mú ojú kú, bàbá á gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ kan náà tí wọ́n fi ń yẹ ojú wọn wò tẹ́lẹ̀, dókítà á fi gíláàsì kékeré kan kan ẹyinjú, á sì máa ta ìmọ́lẹ̀ sí igun yẹn léraléra kí omi lè túbọ̀ rí ọ̀nà jáde, nǹkan bí 100 ìgbà fún ojú kan. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Kò sí abẹ́rẹ́, wọn kò sì ní rán nǹkan kan. Wọ́n á ní kí wọ́n jókòó fún bíi wákàtí kan kí wọ́n lè tún ìfúnpá wọ̀n, torí ó lè gòkè fúngbà díẹ̀. Ojú lè máa ta wọ́n, ó sì lè pọ́n fún ọjọ́ mélòó kan. Ọjọ́ náà gan-an ni wọn ó padà sílé.

Kì í ṣe nǹkan àná. 1995 ni ìròyìn rẹ̀ kọ́kọ́ jáde láti ọwọ́ dókítà ojú kan, Mark Latina, ní Amẹ́ríkà, ìjọba ibẹ̀ sì fọwọ́ sí i ní 2001. Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé wọ́n ti gbé e síwájú oògùn. Tẹ́lẹ̀, ìgbà tí oògùn bá kùnà ni wọ́n máa ń rántí rẹ̀. Ní 2019, àwọn dókítà ilé ìwòsàn ojú Moorfields ní Lọ́ńdọ̀nù àti àwọn ilé ìwòsàn mìíràn ní Britain gbé àbájáde ìwádìí kan jáde tí wọ́n pè ní LiGHT. Wọ́n pín àwọn 718 tí wọn kò tíì gba ìtọ́jú rí sí méjì: àwọn kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oògùn, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú léésà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nǹkan bí 74 nínú 100 àwọn tó ṣe léésà ni kò kán oògùn kankan, tí ìfúnpá wọn sì wà níbi tí dókítà fẹ́. Ojú 11 ló dé orí iṣẹ́ abẹ glaucoma lọ́dọ̀ àwọn olóògùn. Lọ́dọ̀ àwọn oníléésà, kò sí ẹyọ kan. Wọ́n tẹ̀ lé wọn títí pé ọdún mẹ́fà, nǹkan bí 70 nínú 100 ojú tó ṣe léésà kò tíì nílò oògùn tàbí abẹ. Ní oṣù kìíní 2022, NICE tó ń là ìlànà ìtọ́jú sílẹ̀ fún England ní léésà yìí ni kí dókítà kọ́kọ́ fi lọ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí glaucoma irú yìí lójú rẹ̀.

*

Àwọn òǹkàwé kọ̀wé wá lórí èsì yìí. Ọ̀kan ní: "Mà, òyìnbó ni wọ́n fi dán gbogbo ìyẹn wò. Glaucoma tiwa máa ń le ju tiwọn lọ. Ẹ má fi ojú àwọn baba wa dán nǹkan wò."

Àwọn aláwọ̀ dúdú wà nínú ti Lọ́ńdọ̀nù, àmọ́ mo gbà pé kò tó. Ìdí nìyí tí ìwádìí Tanzania fi ṣe pàtàkì sí mi ju ti Lọ́ńdọ̀nù lọ. Ìlú Moshi ní ẹsẹ̀ òkè Kilimanjaro ni wọ́n ti ṣe é, ní ilé ìwòsàn ńlá tó wà níbẹ̀, ó sì jáde ní 2021. Àwọn aláìsàn 201 ni, àwọn ará abúlé àti ará ìlú bíi tiwa, tí glaucoma púpọ̀ nínú wọn sì ti wọra. Wọ́n fún àwọn kan ní timolol tí wọ́n ń kán lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, wọ́n ṣe léésà fún àwọn yòókù. Nígbà tí ọdún kan pé, ìfúnpá ti wálẹ̀ débi tí wọ́n ń fẹ́ nínú ojú 61 nínú 100 lọ́dọ̀ àwọn oníléésà. Lọ́dọ̀ àwọn onítímólólì, 31 péré.

Mi ò ní fi apá kejì pamọ́ fún yín. 61 nínú 100 túmọ̀ sí pé ojú 39 kò dé ibẹ̀. Timolol kọ́ ló sì lágbára jù nínú àwọn oògùn ìkán-sójú. Latanoprost àti àwọn ẹbí rẹ̀ tí wọ́n ń kán lẹ́ẹ̀kan lálẹ́ sábà máa ń mú ìfúnpá wálẹ̀ jù ú lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá fi ìwádìí Moshi sọ pé léésà ti borí gbogbo oògùn ti kọjá ohun tí wọ́n rí. Ohun tí èmi rí níbẹ̀ ni pé léésà ṣiṣẹ́ lójú aláwọ̀ dúdú, ní ilé ìwòsàn ilẹ̀ Áfíríkà, lára àwọn tí àìsàn náà ti jìnnà lójú wọn. Fún ibi tí oògùn ti ń wọ́n tó báyìí, ìyẹn tó láti yí èrò padà.

*

"Ẹ ń bá oògùn jà jù, mà. Oògùn ni ìyá mi fi ń ríran láti ọdún 2009."

Ẹ bá mi kí ìyá. Ẹni tó bá ń kán an lójoojúmọ́, lásìkò, tó mọ bí wọ́n ṣe ń kán an, tó sì ń rí owó rà á, oògùn á ṣiṣẹ́ fún un. Àwọn wo ló wà nínú ipò yẹn? Ẹ wá jókòó sí kílíníìkì wa lọ́jọ́ kan. "Oògùn tán ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mò ń retí owó oṣù." "Mo dá a dúró nígbà tí mo rí i pé ojú ò dùn mí." "Ọmọ ló máa ń bá mi kán an, ó ti padà sí ilé ìwé." Wọn kì í ṣe ọ̀lẹ, wọn kì í sì í ṣe aláìgbọ́ran.

Ìyá kan tó ń ta elùbọ́ máa ń tètè lo oògùn rẹ̀ tán. Mo ní kí wọ́n kán an lójú mi. Wọ́n gbé orí sókè, wọ́n gbé ìgò sókè réré, ẹ̀kán kìíní bọ́ sí ìpénpéjú, èkejì ṣàn lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ̀kẹta ló wọlé, wọ́n sì ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹ́rin léraléra, ó tún tú jáde. Ọjọ́ wo ni ẹnikẹ́ni ti kọ́ wọn rí? Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: ẹ jókòó tàbí kí ẹ dùbúlẹ̀, ẹ fa ìpénpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀ kó dà bí àpò, ẹ̀kán kan ṣoṣo, ẹ di ojú jẹ́jẹ́, ẹ fi ìka tẹ igun ojú tó wà lẹ́bàá imú fún ìṣẹ́jú méjì. Títẹ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kí oògùn gba ọ̀nà imú wọnú ẹ̀jẹ̀. Bó bá jẹ́ oògùn méjì ni, ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún sí àárín wọn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìkejì á fọ ìkíní dànù.

Fíríìjì ńkọ́? Latanoprost tí wọn kò tíì ṣí, inú òtútù ló yẹ kó wà. Tí ẹ bá ti ṣí i, ó lè wà níta tí kò gbóná fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ẹ wá sọ ọ́ nù. Inú ọkọ̀ lọ́sàn-án gangan àti orí fèrèsé tí oòrùn ń ta sí kì í ṣe àyè rẹ̀. Ẹ bi ẹni tó ń tà á fún yín léèrè ibi tó ń kó o sí, pàápàá níbi tí iná ti máa ń lọ fún ọjọ́ mélòó kan.

*

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ̀wé lórí orógbó, mo kà gbogbo rẹ̀. Màmá ẹni tó bi ìbéèrè kò sọ ìsọkúsọ. Ní 2010, àwọn dókítà ní Èkó tẹ ìwádìí kan jáde: wọ́n ṣe oògùn ìkán-sójú láti ara orógbó, wọ́n fi wé timolol lára àwọn tó ní glaucoma tàbí tí ìfúnpá ojú wọn ga, fún oṣù mélòó kan, wọ́n sì rí i pé méjèèjì mú ìfúnpá wálẹ̀ ní ìwọ̀n tó jọra. Inú mi máa ń dùn sí iṣẹ́ yẹn. Ó wù mí kí ẹlòmíràn gbé e síwájú, pẹ̀lú àwọn aláìsàn tó pọ̀ sí i àti fún ọdún tó gùn.

Àmọ́ ohun tí wọ́n kán sójú àwọn èèyàn yẹn, inú yàrá ìwádìí ni wọ́n ti pò ó, wọ́n wọn agbára rẹ̀, wọ́n sì rí i pé kòkòrò àrùn kò sí nínú rẹ̀. Orógbó tí a fi eyín gé, tí a fi ọwọ́ fún, tí a sẹ́ pẹ̀lú aṣọ, kò sí ẹni tó mọ agbára tirẹ̀, kòkòrò inú rẹ̀ sì lè jẹ ibi dúdú ojú títí á fi lu. Mo ti rí ojú tó bàjẹ́ láti ara omi ṣúgà, ìtọ̀ àti wàrà ọmú. Ẹ jọ̀ọ́, kí màmá jẹ orógbó wọn. Kó má dé inú ojú bàbá.

*

"Iṣẹ́ abẹ ló fọ́ ojú bàbá tèmi. Ẹ má tan àwọn èèyàn jẹ."

Mo bá yín kẹ́dùn gidigidi, mi ò sì ní bá yín jiyàn lórí ohun tí ojú yín rí. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un nítorí àbúrò bàbá tó wà nínú ìbéèrè òkè. "Iṣẹ́ abẹ ojú" tí à ń wí yìí, ọ̀nà rẹ̀ pọ̀. Èyí tí wọ́n ń ṣe fún glaucoma, trabeculectomy, tí dókítà kan tó ń jẹ́ Cairns gbé jáde ní 1968, ihò kékeré ni wọ́n ń dá sí ara ojú kí omi lè rí ibi gbà. Abẹ gidi ni, ó sì ní ewu: ìfúnpá lè wálẹ̀ jù, kòkòrò àrùn lè wọlé, ihò náà lè dí. Ní ọ̀dọ̀ wa, ìgbà tí ojú bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ni àwọn èèyàn máa ń gbà á. Ojú tó ku díẹ̀ kó fọ́, tí wọ́n ṣe abẹ fún, tó sì fọ́ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, gbogbo àdúgbò á ní abẹ ló fọ́ ọ. Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà mìíràn, glaucoma ló parí ohun tó bẹ̀rẹ̀. Ẹbí kì í sábà mọ ìyàtọ̀, nítorí pé kò sí ẹni tó jókòó ti wọn ṣáájú kó tó wọ tíátà kó sọ fún wọn pé ìríran kò ní dára ju bó ṣe wà lọ. Àwọn oníṣẹ́ ìlera ló jẹ̀bi èyí, mo sì ń sọ ọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi.

Àwọn mìíràn tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé alárìnkiri kan ló fi abẹ́rẹ́ ti ohun funfun inú ojú wọn sẹ́yìn. Ìyẹn náà ni wọ́n ń pè ní "abẹ." Kí àbúrò bàbá bi ọ̀rẹ́ wọn gan-an léèrè ohun tí wọ́n ṣe fún un. Léésà kọ́ ni, bí mo ṣe lérò.

*

Ẹnì kan ní kí ló dé tó jẹ́ àwa aláwọ̀ dúdú ni glaucoma ń bá jà jù.

Ìwádìí ìfọ́jú tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007, àwọn tó ti pé ogójì ọdún ni wọ́n yẹ̀ wò. Nǹkan bí 5 nínú 100 ló ní glaucoma, ó sì pọ̀ sí i láàárín àwa Yorùbá àti àwọn Ígbò. Nínú àwọn tó ní in, ẹnì kan nínú márùn-ún ti fọ́jú. Èyí tó dùn mí jù ni pé nǹkan bí 94 nínú 100 wọn ni kò mọ̀ pé àwọn ní in. Ní Barbados, níbi tí ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti etíkun wa pọ̀ sí, ó tó 7 nínú 100 àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti pé ogójì. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeyinka Ashaye ti Yunifásítì Ìbàdàn ti ṣáájú iṣẹ́ ńlá kan lórí ohun àjogúnbá tó ń fa ìfọ́jú ní Áfíríkà. Ní 2024, àwọn onímọ̀ ní Philadelphia àti àwọn alábàáṣe wọn yẹ àwọn 11,275 tó ní ìran Áfíríkà wò, wọ́n sì rí ibi 46 nínú àbùdá tó bá glaucoma tan. Tẹ́lẹ̀, ara àwọn òyìnbó àti àwọn ará Éṣíà ni wọ́n ti ń wá èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kò tíì di oògùn, àmọ́ wọ́n ti ń wá a níbi tó yẹ.

Ìwọ tó bi ìbéèrè, ibí ni ọ̀rọ̀ ti kàn ọ́. Ní Rotterdam, ní ilẹ̀ Netherlands, wọ́n yẹ àwọn ọmọ àti ọmọ ìyá àwọn tó ní glaucoma wò. Tí wọ́n bá dàgbà dé 80 ọdún, nǹkan bí 22 nínú 100 wọn ni yóò ní in. Nínú àwọn tí ẹbí wọn kò ní in, nǹkan bí 2 péré ni. Nítorí náà àbúrò bàbá tó ń yarí yẹn, ìgbà wo ni wọ́n yẹ ojú tiwọn wò kẹ́yìn?

*

"Ìfúnpá ojú tèmi jẹ́ 26 àmọ́ dókítà ní iṣan ojú mi ṣì dáa. Ṣé kí n máa lo oògùn?"

Ohun tó wà láàárín 10 sí 21 ni wọ́n ń pè ní déédéé. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe ìwádìí kan lórí irú yín. Nínú àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọn kò fún ní oògùn, 16 nínú 100 ni glaucoma dé sí lójú. Nínú àwọn tí wọ́n fún ní oògùn, 8. Ẹ jọ bá dókítà yín ro ti ọjọ́ orí yín, ẹbí yín, àti bí awọ iwájú ojú yín ṣe nípọn sí. Bó bá fẹ́lẹ́, ewu pọ̀ sí i.

Ẹni tó wà ní England tó ní òun ò lówó àyẹ̀wò: bó o bá ti pé ogójì, tí òbí, ọmọ ìyá tàbí ọmọ rẹ sì ní glaucoma, ọ̀fẹ́ ni NHS, ètò ìlera ìjọba ibẹ̀, ń ṣe é. Sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn nígbà tí o bá ń gba àyè. Ní Scotland, ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo èèyàn.

Ẹni tó bèèrè fítámì B3: ní 2020, wọ́n dán an wò lára àwọn 57 ní Australia, iṣan ojú dà bí ẹni pé ó ṣiṣẹ́ dáadáa sí i. Ìwádìí tó tóbi ń lọ lọ́wọ́. Ìwọ̀n tí wọ́n lò pọ̀, ó sì lè ṣe ẹ̀dọ̀ lése. Ẹ má fi rọ́pò oògùn.

*

"Mà, èmi tí mo bi ìbéèrè ni. Mo gbàgbé láti sọ pé bàbá mi ní ikọ́ fée, ìyẹn asthma. Ìgò oògùn wọn wà lọ́wọ́ mi báyìí, timolol ló wà lára rẹ̀. Ẹ ò sì sọ ìgbà tí a ó mọ̀ bóyá léésà ṣiṣẹ́."

Àbúrò mi, pe ilé ìwòsàn náà lónìí, kó o sọ ohun tó o sọ fún mi yìí fún dókítà. Timolol lè mú ọ̀nà èémí dí fún ẹni tó ní ikọ́ fée, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ni wọ́n kán an sí. Bí èémí bá ń ṣòro fún wọn nísinsìnyí, ẹ gbé wọn lọ sí pàjáwìrì kí ẹ sì mú ìgò náà dání. Oògùn mìíràn wà tí kò ní ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀, dókítà á pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má kàn dá a dúró kí ẹ jókòó sílé láìsí òmíràn, torí ìfúnpá á gòkè padà. Ó ṣeé ṣe kí ikọ́ fée yìí gan-an jẹ́ kí léésà bá bàbá yín mu ju ẹlòmíràn lọ.

Nípa léésà: ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ ni kí ẹ fún un. Títí di ìgbà náà, kí wọ́n máa kán oògùn tí dókítà bá fi lélẹ̀ títí òun fúnra rẹ̀ á fi ní kí wọ́n dá a dúró. Bó bá ṣiṣẹ́, ó lè rẹ̀wẹ̀sì lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Wọ́n lè tún un ṣe. Nítorí náà, wọ́n ṣì gbọ́dọ̀ máa lọ wọn ojú.

Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ bi í ní nǹkan mẹ́ta kí ẹ sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀: ṣé igun ojú méjèèjì là sílẹ̀? Iye wo lẹ fẹ́ kí ìfúnpá ojú òsì wálẹ̀ sí? Bí léésà ò bá gbé e débẹ̀, kí ló kàn, torí ojú òsì tó ti wọra yẹn lè ṣì nílò abẹ? Kí ìwọ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ jókòó kí wọ́n wọn ojú tiyín náà lọ́jọ́ kan náà. Mú àbúrò bàbá dání.